Ta Ni Kí Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Kọ́kọ́ Ṣà?

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lọ́dọọdún láàárín àwa tí a fẹ́ràn bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà yìí, pàápàá bí oṣù kẹfà bá ti ń súnmọ́ tòsí. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Amẹ́ríkà bá fẹ́ lọ ṣa ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun, kí ni kí ó fi ṣáájú? Ṣé gíga ni? Ṣé ẹni tí yóò dí àyè tó ṣófo nínú ẹgbẹ́ ni? Àbí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù, ibi yòówù kí ó máa dúró sí lórí pápá? Mo fẹ́ gbìyànjú láti dá ìbéèrè náà lóhùn nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa bí ẹlòmíràn ti lè rò. Àwọn ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá wà ní àárín gbùngbùn ìtàn rẹ̀, mẹ́ta nínú wọn ni n óò sì fi ṣe ẹlẹ́rìí mi: Hakeem Olajuwon, Michael Olowokandi, àti Giannis Antetokounmpo. Ẹ̀yin tí orúkọ ìkẹyìn yìí bá ṣàjèjì sí, ẹ ní sùúrù díẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n ṣàlàyé bí ètò náà ti ń lọ fún ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni ẹ mọ̀. Ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ wọ líìgì ńlá tí wọ́n ń pè ní NBA kì í fúnra rẹ̀ yan ẹgbẹ́ tí yóò ti ṣiṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ ni wọ́n ń ṣà á. Ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú líìgì náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì máa ń pe orúkọ ẹni tó bá fẹ́ nígbà tí ó bá kàn án. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní dráfùtì. Èmi yóò máa pè é ní àṣàyàn. Láti 1989, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ìpè náà ń yípo, ṣùgbọ́n ní 1984 ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni ó yípo, orúkọ tí wọ́n pè sì jẹ́ 228. Òfin tó gbé gbogbo rẹ̀ ró ni pé kí àwọn tó kùnà jù lọ́dún tó kọjá máa ṣà ṣáájú, kí àwọn tó borí sì dúró sẹ́yìn, kí ó má baà di pé olówó nìkan ni yóò kó gbogbo akọni jọ sí agboolé kan. Nílé wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú nínú ẹran. Nínú líìgì yìí, ẹni tí ìyà jẹ ló ń kọ́kọ́ mú.

Kí ó tó di 1985, owó ẹyọ ni wọ́n ń jù sókè láàárín ẹgbẹ́ méjì, èyí tó kẹ́yìn ní ìhà ìlà-oòrùn àti èyí tó kẹ́yìn ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣà. Ní ìparí ọdún eré 1983 sí 1984, àwọn ènìyàn fẹ̀sùn kan Houston Rockets pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kí á nà wọ́n kí wọ́n lè bá owó ẹyọ náà pàdé. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó mú kí líìgì sọ ètò náà di lọ́tìrì ní 1985. Ní 2019 wọ́n tún un ṣe, wọ́n fún ẹgbẹ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn jù ní àǹfààní kan náà, ìdá 14 nínú 100 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bí ìyẹn ti kéré tó. Ẹgbẹ́ tó fi odindi ọdún kan da ara rẹ̀ rú nítorí ìdá 14 nínú 100, èmi kò mọ ẹni tí ó gbà á nímọ̀ràn.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ń da ara wọn láàmú tó bẹ́ẹ̀ nítorí ọmọdé kan ṣoṣo. Ìdí rẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ènìyàn márùn-ún péré ni ẹgbẹ́ kan ń ní lórí pápá, kì í ṣe mọ́kànlá. Ìṣẹ́jú 48 ni eré náà, akọni gidi sì lè ṣe 35 tàbí 40 nínú rẹ̀ láìjókòó. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, òun náà ni ó lè máa gbà á nígbàkígbà tí ó bá wù ú. Agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ lè wà lórí pápá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí bọ́ọ̀lù má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ní ti apẹ̀rẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo lè gbé ilé dìde.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ní 1994, Glenn Robinson tí Milwaukee ṣà ní ipò kìíní kọ̀ láti fọwọ́ síwèé títí wọ́n fi gbà láti san mílíọ̀nù 68 dọ́là fún un fún ọdún mẹ́wàá, kí ó tó ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo sí apẹ̀rẹ̀ nínú líìgì náà. Ní 1995 ni wọ́n wá fi òfin dí ihò náà: láti ìgbà yẹn, ipò tí wọ́n ti ṣa ọ̀dọ́ nínú ìpè àkọ́kọ́ ni ó ń sọ iye tí yóò gbà. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó bá ṣa akọni ti rí ọjà ọ̀pọ̀, yóò sì jẹ èrè rẹ̀ fún bí ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá ṣi í ṣà, ọdún mẹ́rin náà ni yóò fi máa wo ojú ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1984, ní New York. Owó ẹyọ ti bọ́ sí ọwọ́ Houston. Portland Trail Blazers ló bá wọn du ipò náà, kì í sì í ṣe pé Portland fúnra wọn kùnà lọ́dún náà. Ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ Indiana ni ó wà lọ́wọ́ wọn, èyí tí wọ́n gbà ní 1981 nígbà tí wọ́n fi agbábọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Tom Owens ṣe pàṣípààrọ̀. Chicago Bulls ni yóò ṣà ní ipò kẹta.

Houston pe Akeem Olajuwon, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó dá lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ padà ní 1991. Ọmọ Èkó ni, wọ́n bí i ní 1963. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù ni ó kọ́kọ́ ń gbá. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó mú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lọ́kùn-únkúndùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí nìyí: lọ́dún tó ṣáájú, ní 1983, Houston kan náà ni ó ṣà ní ipò kìíní, Ralph Sampson ni wọ́n sì mú, ọkùnrin tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ìnṣì 4. Abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni Sampson ń dúró sí. Abẹ́ apẹ̀rẹ̀ náà ni Olajuwon ń dúró sí. Bí ó bá jẹ́ pé àyè tó ṣófo ni Houston ń wá ẹni dí, kò sí ohun tí wọn ìbá fi Olajuwon ṣe. Wọ́n mú un, wọ́n fi àwọn méjèèjì sí orí pápá pọ̀, wọ́n sì wá bí eré yóò ti gba àwọn méjèèjì. Ẹgbẹ́ tó borí nínú eré 29 péré ní 1983 sí 1984 borí nínú 48 lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ní 1986 wọ́n lé Los Angeles Lakers kúrò lọ́nà pẹ̀lú eré mẹ́rin sí ọ̀kan, wọ́n sì dé àṣekágbá, níbi tí Boston ti borí wọn.

Ẹ wo ohun tó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ara Sampson kò gbà á mọ́. Ní oṣù Kejìlá 1987, Houston fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Golden State. Ọmọ tí àwọn kan ní kò sí àyè fún ni ó kù tó ń gbé ilé ró. Ó gba ife-ẹ̀yẹ fún wọn ní 1994, ó tún gbà á ní 1995. Iye bọ́ọ̀lù ọ̀tá tí ó gbá dànù lójú ọ̀run nígbà tí ó fi wà nínú líìgì jẹ́ 3,830, kò sì sí ẹni tó tíì tó o.

Portland ni ó kàn. Portland ní ẹni méjì tó ń dúró ní ipò tí Michael Jordan ń dúró sí: Jim Paxson, àti ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Clyde Drexler tí wọ́n mú ní 1983, tó bá Olajuwon gbá bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Houston. Ohun tó ṣófo ní ilé wọn ni abẹ́ apẹ̀rẹ̀. Wọ́n wo ilé wọn, wọ́n pe Sam Bowie ti Yunifásítì Kentucky, tí gíga rẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà 7. Chicago mú Jordan. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń gbèjà Portland máa ń sọ ni pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe náà kò burú, ṣùgbọ́n kò bá ibí mu. Ilé tí à ń wò láti sọ ọmọ lórúkọ wà níbẹ̀ kí a tó bí ọmọ náà, yóò sì wà níbẹ̀ bí ó bá dàgbà. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kì í ṣe ilé bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ yóò ti lọ. Àyè tó ṣófo lónìí lè kún lọ́la, èyí tó kún lè ṣófo, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí Sampson. Paxson tí wọ́n wò lójú kí wọ́n tó fi Jordan sílẹ̀, ọdún mélòó ni ó tún lò ní Portland? Ní 1988 wọ́n ti fi òun náà ránṣẹ́ sí Boston. Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ẹgbẹ́ fi mímọ̀-ọ́n-gbá ṣáájú, kí ó sì fi àyè tó ṣófo ṣe ìkẹyìn, bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá dọ́gba tí a kò mọ èyí tí à bá mú.

Nínú ilé gbígbé wa, àwọn kan wà tí wọn kò gbà fún mi pé Houston ṣe dáadáa. Wọ́n ní Jordan ni ó yẹ kí Houston mú, ọkùnrin tó gba ife-ẹ̀yẹ mẹ́fà. N kò ní bá ẹni tó bá fẹ́ Jordan jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú Olajuwon kò pàdánù. Àìṣedéédéé ni pé kí a mọ akọni kí a sì fi í sílẹ̀ nítorí ìjókòó tó ṣófo, èyí sì ni Portland ṣe. Jordan kì í ṣe ọmọ tó fara pamọ́: ní 1982 òun ni ó ju bọ́ọ̀lù tó fún North Carolina ní ife-ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì, níṣojú gbogbo Amẹ́ríkà. Ìtàn náà tilẹ̀ ní ẹ̀rín nínú. Ní 1992, Drexler kó Portland dé àṣekágbá, ẹni tó dúró dè é níbẹ̀ ni Jordan, Jordan sì borí. Ní 1995 ni Drexler lọ bá Olajuwon ní Houston kí ó tó fọwọ́ kan ife náà.

Ọ̀rọ̀ Bowie kò parí síbẹ̀, nítorí ohun kejì tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ wò wà nínú rẹ̀, èyí ni ara. Igi gan-n-gan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Bowie ti pàdánù odindi ọdún eré méjì ní Kentucky nítorí pé egungun ojúgun rẹ̀ sán. Gbogbo ayé mọ̀. Àwọn dókítà Portland yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó ti sàn. Nínú fíìmù kan tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ní 2012, Bowie fúnra rẹ̀ sọ pé nígbà tí wọ́n ń kan ẹsẹ̀ òun wò, òun ní òun kò mọ nǹkan kan lára, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dun òun. Èmi kò rí i bá wí. Ọ̀dọ́ tí ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ àti ti àwọn ènìyàn rẹ̀ so mọ́ ìdáhùn kan ṣoṣo, kí ni ẹ fẹ́ kí ó sọ? Ẹni tí ó yẹ kí a bá wí ni ẹni tó gbé gbogbo ọrọ̀ ẹgbẹ́ lé orí ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn. Ó ṣe eré 76 ní ọdún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó ṣe 38, ó ṣe 5, ó lo odindi ọdún kan láìṣe eré kankan, ó ṣe 20. Eré 139 ní ọdún márùn-ún.

Portland kan náà tún pàdé irú ọ̀ràn yìí ní 2007. Wọ́n ní ipò kìíní, wọ́n mú Greg Oden, òmìrán ẹsẹ̀ bàtà 7, wọ́n fi Kevin Durant sílẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà kò tíì parí tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún orúnkún Oden. Eré 82 péré ni ó ṣe fún wọn títí ó fi lọ.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ní kí a sá fún gbogbo ẹni tó bá ti fara pa rí. Iye tí ipò náà tó ni kí a fi wọn ewu rẹ̀. Ní 2017, Toronto mú OG Anunoby, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí London, ní ipò kẹtàlélógún. Orúnkún rẹ̀ ti já ní oṣù kìíní ọdún náà, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi ṣubú dé ipò yẹn. Bí kò bá sàn, kí ni Toronto pàdánù? Ipò kẹtàlélógún. Ó sàn, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tó mọ bí a ti ń dí ọ̀tá lọ́nà jù nínú líìgì. Joel Embiid ti ilẹ̀ Cameroon le díẹ̀ láti dá lẹ́jọ́. Ẹgbẹ́ Philadelphia mú un ní ipò kẹta ní 2014 pẹ̀lú egungun ẹsẹ̀ tó sán, ó jókòó odindi ọdún méjì, ó sì di agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù nínú líìgì ní 2023. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí ó ráyè sinmi lọ́wọ́ dókítà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá le ni ó lè ta irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ipò kẹta.

Mo wá kan ọ̀rọ̀ gíga, èyí tó sún mọ́ wa jù. Gbogbo wa mọ òbí tó ní ọmọ gíga tí àwọn ènìyàn ń sọ fún pé Amẹ́ríkà ti dé tán. Gíga dára. Kò sí olùkọ́ tó lè kọ́ ènìyàn ní gíga. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Michael Olowokandi. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1975, London ni ó sì ti dàgbà. Ó ti tó ọmọ ọdún méjìdínlógún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi tẹlifóònù pe Yunifásítì Pacific ní California pé òun fẹ́ wá gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, wọ́n sì gbà á. Ìgboyà ńlá nìyẹn, ó sì yẹ kí a yìn ín. Ní ọdún tó lò kẹ́yìn níbẹ̀ ó ń ju pọ́ìntì 22 lé díẹ̀ nínú eré kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ bàtà 7 ni gíga rẹ̀. Ní 1998, Los Angeles Clippers pe orúkọ rẹ̀ ní ipò kìíní.

Àwọn wo ni wọ́n fi sílẹ̀? Vince Carter tó lọ ní ipò karùn-ún, Dirk Nowitzki ọmọ Jámánì tó lọ ní ipò kẹsàn-án, Paul Pierce tó lọ ní ipò kẹwàá. Olowokandi ṣe eré 500 nínú líìgì náà, pọ́ìntì 8.3 ni ó ń jù nínú eré kan tí a bá pín in dọ́gba. Kì í ṣe ohun ìtìjú fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́fà kò fojú kan eré kan ṣoṣo nínú líìgì náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń retí lọ́dọ̀ ẹni ipò kìíní, orúkọ rẹ̀ sì di ohun tí àwọn akọ̀ròyìn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó máa ń dùn mí. Àwọn tó gbé ẹrù tó tóbi jù lé e lórí ni ó yẹ kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Báwo ni à bá ṣe mọ̀? Olajuwon náà pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, òun náà ga, ọmọ Èkó ni òun náà. Ìyàtọ̀ tí mo rí wà nínú ẹni tí olúkúlùkù bá figagbága kí ọjọ́ àṣàyàn tó dé. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, Olajuwon máa ń lọ sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá Fonde ní Houston, ibẹ̀ ni Moses Malone ti ń dúró dè é, Malone tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù nínú líìgì ní 1979, ní 1982 àti ní 1983. Lójoojúmọ́ ni àgbàlagbà náà ń fi èjìká tì í, tí ó ń já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọmọ náà sì ń padà wá lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ó kó Yunifásítì Houston dé ìpele mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje gbogbo yunifásítì ní 1982, ní 1983 àti ní 1984, ó sì bá Patrick Ewing ti Georgetown pàdé níbẹ̀. Nígbà tí Houston fẹ́ mú un, wọn kò nílò àfọ̀ṣẹ. Ní ti Olowokandi, àwọn yunifásítì kéékèèké ni Pacific ń bá ṣeré lọ́pọ̀ ìgbà; ọmọ tó ga tó o kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ga ju gbogbo àdúgbò rẹ̀ lọ lè má tíì kọ́ ohun tí a ń ṣe bí a bá bá ẹni tó ga bíi tẹni pàdé.

Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀, èmi sì gbà pé ẹ̀rí tí àwọn ènìyàn kì í kà sí jù nìyí. Ní ọdún àkọ́kọ́ wọn, Olowokandi ń ju pọ́ìntì 8.9 nínú eré kan, Nowitzki ń ju 8.2. Ẹni tó bá wo ìwé ìṣirò yẹn nìkan yóò ní Clippers kò ṣe nǹkan burúkú. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún ni Nowitzki, Olowokandi sì ti pé mẹ́rìnlélógún. Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gùn òkè, èkejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí yóò dé. Nowitzki gba ife-ẹ̀yẹ fún Dallas ní 2011.

Ilé tó gbà á náà dá kún un. Clippers àkókò yẹn kò ní ètò; eré 9 ni wọ́n borí, 41 ni wọ́n kùnà ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. N kò rò pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí á ti kọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ́ ní iṣẹ́.

Ẹlẹ́rìí mi kẹta ni Giannis Antetokounmpo. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Adétòkunbọ̀ ni, àwọn ará Gíríìkì ni wọ́n fi lẹ́tà tiwọn kọ ọ́ títí ó fi dà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ìgbò ni ìyá rẹ̀, ìlú Athens ni wọ́n bí i sí ní 1994. Òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ń ta aago àti awò ojú lójú títì kí oúnjẹ lè wà nílé. Ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún, Filathlitikos, ìpele kejì ni ó wà ní Gíríìkì. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ nípa Olowokandi yóò bi mí pé: Ta ni òun náà bá figagbága? Òótọ́ ni, àwọn tó bá ṣeré kò tó àwọn ti Pacific pàápàá. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó ṣì ń ga sí i, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ó ń da bọ́ọ̀lù lọ bí ẹni kúkurú, Milwaukee sì mú un ní ipò kẹẹ̀ẹ́dógún, kì í ṣe ní ipò kìíní. Ní ipò kẹẹ̀ẹ́dógún, ọ̀pọ̀ àwọn tó kù jẹ́ ẹni tí yóò jókòó lórí bẹ́ńṣì. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti ra ẹyin tí a kò mọ àwọ̀ adìyẹ tí yóò pa.

Milwaukee ní sùúrù. Ó ṣe eré 77 ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, pọ́ìntì 6.8 ni ó ń jù, ẹgbẹ́ náà borí nínú eré 15 péré nínú 82. Kò sí ẹni tó lé e. Ní 2019 àti 2020 òun ni agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù, ní 2021 ó sì ju pọ́ìntì 50 nínú eré tó fún Milwaukee ní ife-ẹ̀yẹ. Anthony Bennett, ẹni tí Cleveland mú ní ipò kìíní ní ọdún àṣàyàn kan náà, 2013, kò lò ju ọdún mẹ́rin lọ nínú líìgì, ẹgbẹ́ mẹ́rin ni ó sì lò ó nínú rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé Nikola Jokić ti ilẹ̀ Serbia, tí Denver mú ní ipò kọkànlélógójì ní 2014, tí òun náà sì gba ife-ẹ̀yẹ fún wọn ní 2023. Kò lè fò, kò lè sáré púpọ̀. Ojú rẹ̀ ni ó ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí.

Àwọn ẹgbẹ́ tún máa ń pe àwọn ọ̀dọ́ náà jókòó, wọn a máa bi wọ́n ní ìbéèrè nípa ìwà, wọn a sì máa wọn bí wọ́n ti ń fò tó. Èmi kò ka ìyẹn sí púpọ̀. Ọmọ tó ti gbọ́n yóò mọ ohun tí àgbà fẹ́ gbọ́.

Ó ku ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í rántí. Ẹ̀tọ́ láti ṣà fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ìní, a lè fi ṣe òwò. Ní 2017, ipò kìíní wà lọ́wọ́ Boston. Gbogbo ènìyàn ń pariwo Markelle Fultz. Boston wo ọ̀dọ́ náà, wọ́n wo Jayson Tatum, ó tẹ́ wọn lọ́rùn pé Tatum ni àwọn fẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò mú un ṣáájú ipò kẹta. Wọ́n ta ipò kìíní fún Philadelphia, wọ́n gba ipò kẹta àti ẹ̀tọ́ mìíràn tí wọn yóò lò lọ́jọ́ iwájú. Philadelphia mú Fultz. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ́ lẹ́nu ní ọdún náà gan-an. Ẹ̀tọ́ àfikún náà ni Boston fi mú Romeo Langford ní ipò kẹrìnlá ní 2019, ìyẹn kò sì so èso púpọ̀. Ṣùgbọ́n Tatum wà lórí pápá nígbà tí Boston gba ife-ẹ̀yẹ ní 2024.